Ìkìlọ̀: Ẹ má ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tòkunbọ̀ tí wọ́n dán wò nínú dúrọ́ọ̀mù nìkan

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kékeré, pàápàá họ́ọ̀sìpáwà 9.9 sí 15, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá owó yín dúró ná. Yálà ní Erékùṣù Èkó lẹ ti fẹ́ rà á ni o, tàbí ní apá Ẹ̀bútẹ́-Mẹ́tà, ọgbọ́n kan náà ni àwọn oníjìbìtì ń ta. Wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì sínú dúrọ́ọ̀mù omi, wọ́n á fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á dún kíkankíkan, omi á máa tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń rà á á sì ka owó sílẹ̀.

Dúrọ́ọ̀mù ò lè sọ bí jíà ṣe rí fún yín. Ibi tí ẹ́ńjìnnì burúkú ti ń tú àṣírí ara rẹ̀ ni àárín ọkọ̀ méjì létí èbúté, níbi tí àyè ò ti tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, tí ẹ fa rìfáàsì tí kò sì mú. Imú ọkọ̀ yín á lọ gún ọkọ̀ ẹlòmíràn, tàbí kó há ọwọ́ èèyàn mọ́ òpó èbúté.

Àlùmọ̀kọ́rọ́yí tó wọ́pọ̀ jù wà lára súkúrù kékeré kan. Ẹ́ńjìnnì tí kábúrétọ̀ rẹ̀ dọ̀tí, tàbí tí sílíńdà rẹ̀ kan ti rẹ̀, kì í lè ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Á máa kú. Kó má baà kú lójú yín, wọ́n á yí súkúrù tó ń gbé eré rẹ̀ sókè nígbà tí kò sí nínú jíà. Nínú dúrọ́ọ̀mù, ó máa dà bíi pé ara rẹ̀ le. Lójú omi, bí ẹ bá ti fi sí jíà báyìí, ọkọ̀ á fò síwájú, ẹ ò sì ní lè rọra wọ ibi tóóró. Eré yẹn tún ń ba jíà jẹ́: irin eléyín tó ń gbá jíà iwájú àti ti ẹ̀yìn mú á máa fi agbára lu ara wọn, etí eyín á sì yọ́. Bó bá ti yọ́, jíà á máa fò jáde fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ti fún un ní epo, ẹ máa gbọ́ kàkàkà nísàlẹ̀. Kí wọ́n tó tún un ṣe, wọ́n á tú gbogbo ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì palẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ní kí wọ́n gbé e sára ọkọ̀. Kí wọ́n tó fà á, ẹ fọwọ́ kan orí rẹ̀: bó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé kí ẹ má baà rí i pé ó nira láti tan. Ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan láti àárín pùròpẹ́là bọ́ sára abẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá so ọkọ̀ mọ́ èbúté níwájú àti lẹ́yìn, kó le dáadáa. Ẹ fi sí rìfáàsì, ẹ fún un ní epo díẹ̀díẹ̀ títí dé bí ìdajì, fún ìṣẹ́jú kan. Kò gbọdọ̀ fò jáde. Ẹ́ńjìnnì náà ò sì gbọdọ̀ gbé ìdí sókè kúrò nínú omi. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìkọ́ tó ń dì í mú nígbà rìfáàsì ti jẹ tàbí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ ṣe ti iwájú náà bẹ́ẹ̀. Bí ìlà ọ̀dà bá ti pín sí méjì, rọ́bà inú pùròpẹ́là ti ń yọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tú okùn, kí ẹ wọ àyè tóóró kan fúnra yín. Ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀. Ẹ yọ jíà nígbà tó bá ku bíi gígùn ọkọ̀ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ jẹ́ kó máa rá lọ. Ẹ kọ́kọ́ yí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì bó ṣe máa darí ọkọ̀ síbi tí ẹ fẹ́, kí ẹ tó fi sí jíà. Rántí pé nínú rìfáàsì, pùròpẹ́là tó ń yí sápá ọ̀tún nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ síwájú máa ń fa ìdí ọkọ̀ sí òsì. Ẹ wọ jíà kí ẹ sì yọ ọ́ bí ìgbà mẹ́wàá. Bó bá ń kú, tàbí bó bá ń fò síwájú, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ní ti kọ́ńpíréṣọ̀n, ìyẹn agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀: ẹ yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, ẹ fa okùn ìpaná kúrò kó má baà ṣáná, ẹ yí ọwọ́ epo dé òpin, kí ẹ fa okùn bí ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà sórí gééjì. Sílíńdà méjèèjì ò gbọdọ̀ fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ síra: 120 àti 110 dára, 120 àti 85 ò dára. Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì sí ihò púlọ́ọ̀gì kí nọ́ńbà lè ga, torí náà lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ lórí omi ni kí ẹ wọ̀n ọ́n.

Ẹ tún dẹ súkúrù tó wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi ọ́ìlì jíà. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, òun ló máa kọ́kọ́ jáde bí ẹ́ńjìnnì bá ti dúró mọ́jú. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì láàárọ̀, ẹ tún un wò lẹ́yìn ìdánwò. Bó bá funfun bíi wàrà, omi ń wọlé. Lórí ọ̀sà wa, okùn àwọ̀n apẹja tó wé mọ́ ìdí pùròpẹ́là ló sábà máa ń gé rọ́bà tó ń dí omi níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún sítíkà ara ìdérí ẹ́ńjìnnì, torí wọ́n lè lẹ ti 15 mọ́ 9.9. Yamaha 9.9 àti 15 onísílíńdà méjì kan wà tí ara wọn jọ pátápátá. Ẹ wo nọ́ńbà àwòṣe lára pátákó kékeré tó wà níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń gbá ọkọ̀ mú. Ẹ tún wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ibi tó ti jókòó sórí pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ dé irin pẹrẹsẹ tó wà lókè pùròpẹ́là: íǹṣì 15 ni ti kúkúrú, 20 ni ti gígùn.

Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà yẹn, kí ẹ fi àmì yín síbi tó fara sin lábẹ́ ìdérí. Ẹ má fi owó sílẹ̀ kí wọ́n bá yín dì í dọ̀la, torí òru ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ sanwó lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo àmì yín, kí ẹ sì gbé e lọ lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí.