The Poe Clan: Ẹ̀jẹ̀ Kọ́ Ló Pa Mí Lẹ́kún

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ máa ń ka máńgà (ìwé ìtàn aláwòrán ilẹ̀ Japan) ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin, èyí tí wọ́n ń pè ní BL, ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Gbogbo fáńpáyà tí o ti kà yìí, o ò tíì ka ti ìdílé Poe?" (Fáńpáyà ni ẹ̀dá inú ìtàn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn.) Ojú tì mí. Mo bá lọ ra apá kìíní The Poe Clan lédè Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí Rachel Thorn túmọ̀, tí Fantagraphics sì tẹ̀ jáde ní 2019.

Ẹni tó tà á fún mi kò dì í dáadáa, igun rẹ̀ kan ti tẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi. Ìwé náà fúnra rẹ̀ kò ní àléébù. Ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó sì wúwo débi pé mi ò lè fi ìdùbúlẹ̀ kà á. Láti ọ̀tún ni ẹ ó ti máa kà á bọ̀ sí òsì, bí àwọn ará Japan ṣe ń ṣe.

1972 ni Moto Hagio, obìnrin ará Japan tó ń ya máńgà, bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí nínú ìwé ìròyìn àwọn ọmọbìnrin, kí ẹnikẹ́ni tó máa pe nǹkan kan ní BL. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni Edgar, ọmọkùnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di fáńpáyà, ibẹ̀ náà ló sì dúró sí. Ẹ má fi àjẹ́ ilé wa wò wọ́n o. Òdòdó róòsì ni àwọn wọ̀nyí ń gbìn, wọ́n sì ń mu omi inú rẹ̀. Bí wọn ò bá ṣọ́ra, òjìji wọn kì í hàn nínú dígí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọmọ tí kì í dàgbà kò lè pẹ́ níbì kan. Bí ọdún bá ti ń yí, aládùúgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó wò ó: ṣé ọmọ yìí kì í ga ni? Wọ́n á tún di ẹrù. Àbíkú ń kú, ó ń padà wá. Edgar kò rí ikú kú, kò sì rí ilé padà sí. Nígbà tí Marybelle àbúrò rẹ̀ lọ (ẹ forí jì mí, mo ti sọ ọ́), ó lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Allan lóru, ó ní kí àwọn jọ lọ. Kò sí ìbálòpọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ìyẹn, kó wá ìwé mìíràn. Ẹnì kan kò fẹ́ dá wà ni. Nínú BL òde òní tí mo ti kà, ẹ̀jẹ̀ mímu ti di títage láàárín àwọn àgbà, àmọ́ ìbéèrè Edgar náà ni wọ́n ṣì ń bi ara wọn: ṣé wàá bá mi lọ?

Ìtàn náà ń fò síwá sẹ́yìn láti ọgọ́rùn-ún ọdún kan sí òmíràn. Bírò ni mo fi ń kọ ọdún sílẹ̀ kí n má baà sọnù, ojú àwọn ọmọ náà sì jọra jù. Ṣùgbọ́n ẹ má fo ìtàn Glensmith. Ọkùnrin yìí ṣìnà dé abúlé Poe, ó kọ ohun tó rí sínú ìwé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin rí ìwé náà lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó gbé e dé Jámánì, ogun jà, ogun tún jà, ìwé náà ń bọ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Edgar fẹ́rẹ̀ẹ́ má yọjú níbẹ̀ rárá. Èyí ni mo sunkún sí.

Àwọn olólùfẹ́ máńgà yìí náà ò ṣeé fojú di. Ní 1974, 30,000 ẹ̀dà ìwé àkọ́kọ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ní Comiket àkọ́kọ́ (ọjà tí àwọn olólùfẹ́ máńgà ti ń ta ìwé tí wọ́n fúnra wọn ṣe), Tokyo, December 1975, àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ràn Hagio ló pọ̀ jù lára àwọn tó wá, ìwé kan tó ń fi ìdílé Poe ṣe ẹ̀fẹ̀ sì wà lórí àtẹ. Nígbà tí Hagio padà sí ìtàn náà ní 2016, ìwé ìròyìn Flowers tó gbé e jáde tán pátápátá, wọ́n ní láti tún un tẹ̀. Takarazuka, ẹgbẹ́ eléré orí ìtàgé ní Japan níbi tí gbogbo òṣèré ti jẹ́ obìnrin, gbé e sórí ìtàgé ní 2018.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo fẹ́ ra apá kejì, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo máa lọ gbé e ní ṣọ́ọ̀bù lọ́tẹ̀ yìí.