Lẹ́sìnnì èdè Jámánì ní Sábó, Ìkòròdú: ẹ gbọ́ tẹnu mi kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa ibi tí mo ti ń kọ́ Jámánì, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ bá ọkọ tàbí ìyàwó yín lọ́hùn-ún tí wọ́n ní kẹ́ ẹ mú A1 wá, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìpele àkọ́kọ́ nínú èdè Jámánì. Ní ti ìwé kíkọ, owó yín ò lè ṣòfò níbẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ sísọ, hmm.

Tíṣà wa, obìnrin ni, kì í kọ ọ̀rọ̀ kankan sí bọ́ọ̀dù ní ìhòòhò. Der Tisch fún tábìlì, die Milch fún mílíìkì, das Brot fún búrẹ́dì, das Wasser fún omi, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú der, die, das ẹ̀ àti lẹ́tà ńlá, tẹ́ ẹ bá lọ kọ brot kékeré báyìí ó ti fi báírò pupa fà á nìyẹn. Torí ní Jámánì kì í ṣe orúkọ èèyàn àti orúkọ ìlú nìkan ló ń gba lẹ́tà ńlá o, àga, ẹja, ìfẹ́, ebi pàápàá ń gbà á. Tí wọ́n bá kọ essen kékeré, kéèyàn jẹun ni, das Essen ni oúnjẹ fúnra ẹ̀. Àmọ́ ich tó jẹ́ èmi wá jẹ́ kékeré, àfi tó bá bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, àwa tá a ti fi I ńlá ti Gẹ̀ẹ́sì dàgbà, ọwọ́ ò kọ́kọ́ gbà á rárá.

Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù ni ti Sie. Sie ńlá ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fúnyàn, du ni ìwọ, sie kékeré sì lè jẹ́ obìnrin kan tàbí ọ̀pọ̀ èèyàn. Dádì kan ní kíláàsì wa kọ lẹ́tà sí lánlọ́ọ̀dù, wọ́n ń pè é ní du, du, tíṣà ní "Dádì, lánlọ́ọ̀dù yín ní Agric ńkọ́, ṣé ìwọ lẹ máa ń pe àwọn náà?" A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sẹ́rìn-ín. Nọ́ńbà ò fún wa ní wàhálà ṣá, einundzwanzig, ẹni tó bá ti lè ka mọ́kànlélógún ti mọ bó ṣe ń lọ, èyí tó kéré ló ń ṣíwájú.

Ibi tó kù sí: èrò pọ̀ jù, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, fóònù ni wọ́n sì fi ń ṣe Hören, ìyẹn gbígbọ́ èdè, fún wa, ẹni tó wà lẹ́yìn ò gbọ́ nǹkan kan. Sprechen, ìyẹn ọ̀rọ̀ sísọ, tó jẹ́ pé ẹ máa sọ̀rọ̀ nípa ara yín, ẹ máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ ara yín, ìyẹn gan-an la kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe. Wọ́n á tún ní oṣù kan ti tó, ẹ má dá wọn lóhùn. Sẹtífíkéètì tí wọ́n ń fúnni kì í ṣe ti Goethe-Institut, iléeṣẹ́ àwọn ará Jámánì tó ń ṣe ìdánwò A1, ẹ ṣì máa lọ ṣe ìdánwò yẹn lọ́tọ̀. Owó fọ́tókọ́pì náà ò sí nínú owó tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ san.

Kíláàsì àárọ̀ ni kẹ́ ẹ gbà, ti Sátidé kún jù. Kẹ́ ẹ sì mú ìwé àti báírò dání, tíṣà ò gbà kí wọ́n fi fóònù kọ nǹkan, ó ní fóònù ló ń bá wọn sọ lẹ́tà di ńlá.