PHQ-9: Ìwé ìbéèrè kékeré tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kéré

Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí mo ń lò lẹ́nu iṣẹ́ ìwádìí nípa ìlera ọpọlọ, kò sí èyí tí mo ń fà yọ tó ìwé ìbéèrè PHQ-9 (Patient Health Questionnaire), tí a fi ń wá àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, èyí tí Robert Spitzer, Janet Williams àti Kurt Kroenke ṣe, tí ìròyìn bí wọ́n ṣe dán an wò sì jáde ní ọdún 2001. Ìbéèrè 9 péré ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì dá lórí bí nǹkan ti rí fún ènìyàn láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tí ó kọjá. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì láti 0 (kò ṣẹlẹ̀ rárá) dé 3 (ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́). Bí àpapọ̀ wọn bá ti tó 10 nínú 27, a ó fura sí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí ó yẹ kí á yẹ̀ wò dáadáa.

Ọ̀fẹ́ ni, a kì í sì í gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí á tó lò ó. Ẹni tí ó bá ti ṣe ìṣirò owó iṣẹ́ ìwádìí rí yóò mọ ìdí tí mo fi fi èyí ṣíwájú.

Àléébù rẹ̀ kò fara sin. Ìbéèrè karùn-ún da àìlèjẹun pọ̀ mọ́ àjẹjù, tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè mọ èwo nínú méjèèjì ni ó ń ṣe ẹni tí ó mú 3. Àìsàn ara náà sì lè fa àárẹ̀ àti àìróorunsùn tí ìwé náà ń bèèrè nípa wọn, nítorí náà máàkì tí ó ga kò lè rọ́pò àyẹ̀wò dókítà.

Ìbéèrè kẹsàn-án ni ó gbẹgẹ́ jù, nítorí pé ó ń bèèrè bóyá ó ń wá sí ọkàn ẹni náà pé ikú sàn fún òun, tàbí pé kí òun ṣe ara òun léṣe. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìparí ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń ka àwọn fọ́ọ̀mù, títí di ọjọ́ tí mo rí 3 níbẹ̀, lára fọ́ọ̀mù tí ó ti lo ọjọ́ mẹ́rin nínú àpótí. A rí ẹni náà bá sọ̀rọ̀, a sì mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kúrò níwájú mi kí n tó wo ìdáhùn yẹn. Olùwádìí tí kò bá ní ẹni tí yóò ka ìdáhùn lọ́jọ́ náà gan-an, tí kò sì mọ oníṣègùn tí yóò pè, PHQ-8, tí a ti yọ ìbéèrè yìí kúrò nínú rẹ̀, ni kí ó mú.