Ìtun àbí ògòńgò: èwo ni kí ẹ rà sìn ní ìhà Kàbà?

Ẹ̀yin ará wa láti Kàbà títí dé Mopà àti Ìsánlú, tí ẹ ń wá irú kòkòrò ńlá tí ẹ máa sìn fún jíjẹ tàbí fún títà, ìtun, ìdin kòkòrò onímú gígùn inú ọ̀pẹ, ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ògòńgò, ìdin kòkòrò oníwo, ti dára jù ú wà, mo máa débẹ̀, ṣùgbọ́n ara ìtun ni owó ti máa ń tètè padà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Ìdin méjèèjì ló sanra, tó sì funfun, wọ́n sì lè jọ wà nínú ọ̀pẹ jíjẹrà kan náà. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Bí ó bá ká kò, tí ẹ rí ẹsẹ̀ tín-ín-rín mẹ́fà lẹ́yìn orí rẹ̀, ògòńgò nìyẹn. Ìtun kò lẹ́sẹ̀ kankan. Àárín rẹ̀ rí roboto, ṣe ló ń fi ara wọ́. Àgbà wọn kò ṣòroó mọ̀. Ti ìtun dúdú, ó ní ìlà pupa méjì lẹ́yìn ọrùn, imú rẹ̀ sì gùn síwájú. Imú ti abo tín-ín-rín, ó sì dán. Ti ògòńgò ní ìwo lórí, ti akọ ló gùn jù.

Ẹyin ìtun ń pa ní nǹkan bí ọjọ́ 3. Bí ó bá jẹun dáadáa, ọ̀sẹ̀ 4 sí 5 ti tó láti kó o. Ògòńgò á lo bí oṣù 3 sí 6 nípò ìdin.

Oúnjẹ ni ògòńgò ti borí. Ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà, igi jíjẹrà àti ìyẹ̀pẹ̀ pákó tó ti pẹ́ ló ń jẹ. Ẹni tí ilé rẹ̀ sún mọ́ gáà Fúlàní kò ní náwó rárá. Ìtun ń fẹ́ inú ọ̀pẹ tútù, bẹ́ẹ̀ wọn kì í gé ọ̀pẹ lójoojúmọ́. Ní Gánà, wọ́n máa ń fi èèpo ọ̀pẹ òyìnbó kún un nínú abọ́ rọ́bà onídèérí. Ìyẹn ṣeé ṣe lọ́dọ̀ wa náà, àmọ́ lásìkò ọyẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i, torí oúnjẹ gbígbẹ ni ikú ìdin. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fún jù. Wọ́n ń bu ara wọn jẹ.

Nínú ìkòkò, ìtun kò nílò òróró, ọ̀rá ara rẹ̀ tó o dín. Ìfun ògòńgò kún fún ìgbẹ́ tó jẹ: ẹ la ìdí rẹ̀, ẹ fún un jáde, ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́ kó tó dé orí iná.

Tí ẹ bá fẹ́ ra irú tí ẹ máa sìn, àgbà ni kí ẹ rà, kí abo pọ̀ ju akọ lọ. Ẹ yan èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, tó ń rọ̀ mọ́ ìka gírígírí. Ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n fín oògùn sí oko tó ti mú un. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn gan-an. Àgbà ògòńgò ń lu ihò sí ọ̀mùnú ọ̀pẹ, abo ìtun á wá yé sínú ojú ọgbẹ́ náà, ìdin rẹ̀ á sì jẹ ọ̀pẹ náà títí á fi kú. Àwọn méjèèjì ló ń fò. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin bo abọ́ yín, kí ẹ so ó pinpin. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́bàá oko ọ̀pẹ, tirẹ̀ tàbí ti aládùúgbò, kó má ra èyíkéyìí títí yóò fi rí ibòmíràn tó jìnnà tó máa sìn wọ́n sí.