Ẹ̀kọ́ Ìdarí Òṣìṣẹ́ ní Sátidé Mẹ́jọ: Ohun Tí Owó Mi Rà ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ni mo ní ní ìgboro Ìjẹ̀bú-Òde, òṣìṣẹ́ mẹ́rìnlá ni ó sì wà lọ́dọ̀ mi nígbà tí mo lọ forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń darí òṣìṣẹ́, bí a ṣe ń jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ àti bí a ṣe ń ṣe aṣáájú. Mẹ́rin nínú àwọn mẹ́rìnlá yìí jẹ́ ẹbí. Mo tètè sọ ọ́ nítorí pé ibẹ̀ ni ohun tí mo ní láti sọ rọ̀ mọ́. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ẹ̀dùn ọkàn tí mo ní kò tó ohun tí ènìyàn fi ń ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń wá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa lè ti ibi ọ̀rọ̀ mi mọ ìbéèrè tí yóò bi wọ́n kí ó tó sanwó.

₦45,000 ni a san fún Sátidé mẹ́jọ, láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán. Àwa méjìlélógún ni a jọ bẹ̀rẹ̀. Lára wa ni ọ̀gá ilé ìwé aládàáni kan, nọ́ọ̀sì àgbà kan, ọkùnrin kan tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ní Ṣàgámù, àti obìnrin méjì tí wọ́n ń ṣe gàrí ní ọ̀nà Àgó-Ìwòyè. Olùkọ́ wa jẹ́ ìyá àgbà kan tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bójú tó òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, èyí sì hàn nínú ìṣe wọn, nítorí pé wọn kì í pariwo, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ìwé dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Sátidé kejì ni mo mọ̀ pé owó mi kò ṣòfò. Olùkọ́ wa so irú òṣùwọ̀n tí àwọn oníkòkó fi ń wọn àpò mọ́ ìdí igi máńgòrò tí ó wà nínú ọgbà, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n sì ní kí mẹ́rin nínú wa fà á lọ́kọ̀ọ̀kan, kí nọ́ọ̀sì máa kọ iye tí òṣùwọ̀n bá fi hàn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fà á, tí a ń pariwo bí ẹni tí ń fa ọkọ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí wọ́n ro iye tí a fà lọ́kọ̀ọ̀kan pọ̀, ó ju èyí tí a jọ fà lọ dáadáa. Max Ringelmann, ẹnjiníà iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé, ti tẹ irú àbájáde yìí jáde ní 1913: bí àwọn tí ń fa okùn bá ṣe ń pọ̀ sí i ni agbára tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò ń dín kù. Ìdí kan ni pé ọwọ́ wọn kì í ṣe déédéé. Ìdí kejì, tí Bibb Latané àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àtẹ́wọ́ pípa àti igbe kíké dán wò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gbé jáde ní 1979, ni pé ènìyàn a máa fara pamọ́ sáàárín èrò.

Mo délé, mo wo tábìlì tí ènìyàn márùn-ún ti ń wé búrẹ́dì sínú ọ̀rá, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ iye tí òun nìkan wé. Mo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní agbọ̀n tirẹ̀, mo fi ọ̀dà kọ orúkọ sí i. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, iṣẹ́ tí a máa ń parí ní aago mẹ́fà ìdájí ti ń parí kí aago márùn-ún tó lù. Ẹnì kan bínú fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹni tí mo sì rò pé ó ń ṣe jù lọ ni.

Ẹ̀kọ́ kẹta dùn mí díẹ̀. Ó dá lórí ìwádìí tí Kurt Lewin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1939 nípa ẹgbẹ́ àwọn ọmọkùnrin kéékèèké lábẹ́ onírúurú aṣáájú. Lọ́dọ̀ aṣáájú tí ń pàṣẹ ohun gbogbo, iṣẹ́ ń lọ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti jáde, ọwọ́ àwọn ọmọ a dẹ̀. N kò lè ṣe bí ẹni pé n kò mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Bí mo bá lọ ra nǹkan ní ọjà Òkè-Àjẹ, kí n tó dé, ìyẹ̀fun tí a pò yóò ti wú kọjá etí páànù, àwọn tí ń ṣọ́ ọ yóò sì máa wo fóònù.

Sátidé karùn-ún kò tẹ́ mi lọ́rùn. Wọ́n kọ́ wa ní ìpele mẹ́rin tí Bruce Tuckman sọ ní 1965 pé ẹgbẹ́ máa ń là kọjá: kí wọ́n pàdé, kí wọ́n jà, kí wọ́n fẹnu kò, kí iṣẹ́ tó wá gún régé. Ọ̀rọ̀ náà wọni létí, àmọ́ wọ́n kọ́ ọ bí òfin tí kò yẹ̀, wọn kò sì sọ fún wa pé ńṣe ni Tuckman kó ìwádìí àwọn ẹlòmíràn jọ, àti pé púpọ̀ nínú rẹ̀ dá lórí àwọn tí ń jókòó pọ̀ láti gba ìtọ́jú ọkàn, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ọjọ́ yẹn náà ni ọ̀gá ilé ìwé béèrè nípa rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tí a máa ń rí ní Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, tí kò sí ẹni tí ń san owó oṣù fún wọn, síbẹ̀ tí wọ́n ń dá owó, tí wọ́n ń ra aṣọ kan náà, tí wọ́n sì ń tò tẹ̀lé olórí wọn níwájú Awùjalẹ̀. Kí ni ó ń mú wọn jáde lọ́dọọdún? Olùkọ́ wa fi gbólóhùn méjì fèsì, wọ́n sì padà sí àpẹẹrẹ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà. Ó ká mi lára, nítorí pé nǹkan bí ìṣẹ́jú ogójì ni ìbéèrè náà yẹ kí ó gbà.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ni ẹ̀kọ́ náà kò mọ bí yóò ṣe mú. Ẹni tí ń ṣọ́ ààrò mi lóru jẹ́ àbúrò ọkọ mi. Mo bá a nínú ilé nígbà tí mo wọlé gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, nítorí náà, “Ọkọ mi” ni mo ń pè é títí di òní, òun náà sì ń pè mí ní “Ìyàwó.” Ó sùn lọ lẹ́ẹ̀mejì, búrẹ́dì sì jóná. Nígbà tí mo gbé e síwájú kíláàsì, olùkọ́ ní kí n fún un ní kúẹ̀rì. Mo ní, “Mà, ìpàdé ẹbí ni wọn yóò ti ka kúẹ̀rì náà kí òun fúnra rẹ̀ tó kà á.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí ìdáhùn gbà ju pé kí n ní ìlànà tí a kọ sílẹ̀.

Ohun tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni ìdánrawò Sátidé keje, tí ènìyàn méjì ń jókòó kojú ara wọn, tí ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ fèsì àfi bí ó bá kọ́kọ́ tún ohun tí ẹnì kejì sọ sọ, tí ẹni náà sì gbà pé ohun tí òun wí nìyẹn. Mo gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú àbúrò ọkọ mi lórí àga méjì lẹ́yìn ilé iṣẹ́. Ó ní, “Ìyàwó, láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo ti ń wa ọ̀kadà kí n tó wá.” Mo tún un sọ, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ṣàlàyé gbèsè kan tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ̀. Mo gbé e kúrò lóru sí àárọ̀. Mo lo ọ̀nà kan náà fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí owó ọjà kò pé lọ́wọ́ rẹ̀, òun sì sunkún, ó tọrọ gáfárà, owó kò sì pé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e.

Ní ti ìyókù, Gẹ̀ẹ́sì pátápátá ni ìwé tí wọ́n pín fún wa, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ni a fi ń kọ́ni, ọlọ́kọ̀ akẹ́rù sì ní láti máa gbé tirẹ̀ lọ fún ọmọ rẹ̀ kà. ₦5,000 ìwé ẹ̀rí kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa. Ẹni tí ó bá ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè tí kò sì bá wọn tan yóò rí ju iye owó rẹ̀ gbà níbẹ̀. Mo ti sanwó fún alábòójútó mi láti wà nínú àwọn tí yóò tún bẹ̀rẹ̀, mo sì ní kí ó kọ ìbéèrè nípa ẹbí sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé rẹ̀, kí ó bi wọ́n ní Sátidé àkọ́kọ́.