Avenue Verte láti Dieppe dé Forges-les-Eaux: ọ̀nà kò ṣẹ̀ wá, àwọn tó gba owó ẹrù ló ṣẹ̀ wá

Aago mẹ́jọ alẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ níwájú ilé àlejò tí a ti sanwó rẹ̀ sílẹ̀ ní abúlé Saint-Saire, ní Normandie, ní ilẹ̀ Faransé. Ìyá àgbà tó ni ilé náà jáde wá kí wa, wọ́n wo ọwọ́ wa, wọ́n wo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ wa, wọ́n sì bi wá pé ẹrù wa dà. Báàgì tí mo sanwó pé kí wọ́n fi mọ́tò gbé ṣáájú wa láti Dieppe kò tíì dé. Inú báàgì yẹn ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀gbọ́n mi wà, èyí tí wọ́n ń lò lálaalẹ́, wọ́n sì ti pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Èmi fúnra mi ni mo ti sọ fún wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kí wọ́n má di ohunkóhun mọ́ kẹ̀kẹ́, pé ohun tí a sanwó fún nìyẹn.

Kí n tó sọ ohun tí ojú wa rí, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọ̀nà, nítorí ọ̀nà kò jẹ̀bi.

Apá kan ni ó jẹ́ lára Avenue Verte, èyí tí wọ́n ṣí ní 2012 láti so Lọ́ńdọ̀nù pọ̀ mọ́ Páríìsì fún àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́. Àwa wọ ọkọ̀ ojú omi ní Newhaven, ní etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a lo nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lórí omi, a sì sùn ní Dieppe ní alẹ́ Sátidé. Arques-la-Bataille, tí kò jìnnà sí Dieppe, ni ibi tí mọ́tò kò gbọdọ̀ wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì lọ tó kìlómítà 45 títí dé Forges-les-Eaux. Ọ̀nà rélùwéè ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n hú irin kúrò, wọ́n sì da ọ̀dà sí i, ó wá ń dán bí ilẹ̀ pálọ̀. Ọkọ̀ ojú irin kì í lè gun òkè tó ga gan-an, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ibi kankan tí ọ̀nà náà ti dìde lójijì; ńṣe ni ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ní àfonífojì odò Béthune, débi pé orúnkún ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń dà wọ́n láàmú láti ọdún mẹ́ta, kò dún wọn rárá.

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti mọ́ mi lára láti máa bojú wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà kí bọ́ọ̀sì má baà gbá mi. Ó tó wákàtí kan lórí ọ̀nà yìí kí ọrùn mi tó gbà pé kò sí nǹkan kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí a dé itòsí Mesnières-en-Bray, níbi tí a ti ń wo ààfin ńlá àtijọ́ tó wà níbẹ̀, a dúró mu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà màálù kan. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀ pọ̀ débi pé mo ń gbọ́ bí màálù ṣe ń fi ahọ́n wé koríko tó sì ń fà á já, ṣàrà, ṣàrà, tí èémí sì ń jáde gììì ní imú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìka sókè pé kí n má sọ̀rọ̀. A dúró síbẹ̀ títí màálù náà fi kúrò níwájú wa.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń lọ ní Ọjọ́ Àìkú mọ̀: tí ọ̀sán bá ti pọ́n, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ti di títì ní àwọn abúlé wọ̀nyẹn. Omi wa tán. Ọgbọ́n tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń dá ní Faransé ni láti wá itẹ́ òkú, nítorí ẹ̀rọ omi sábà máa ń wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń bomi rin òdòdó. Ẹ̀gbọ́n mi yarí, wọ́n ní àwọn kò ní mu omi itẹ́ òkú, àfìgbà tí òùngbẹ gbẹ wọ́n dójú ẹ̀. Kí ẹ ṣáà rí i pé wọn kò kọ ọ́ sára ẹ̀rọ náà pé omi rẹ̀ kò ṣeé mu.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Saint-Saire. Mo pe ilé-iṣẹ́ tó ṣètò ìrìn àjò náà, tí n kò ní dárúkọ, ní aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omidan kan gbé e, ó ní ẹrù wa ti dé láti aago mẹ́ta ọ̀sán, pé ẹnìkan ti fọwọ́ sí i. Mo bi í pé ta ni ẹni náà, ó ní òun kò láṣẹ láti dárúkọ ẹlòmíràn fún mi. Mo sọ fún un nípa oògùn, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùndínlógójì tí ẹnikẹ́ni kò pè wá, mo tún pè. Ọ̀gbẹ́ni kan ló gbé e lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí n lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo wo ibi tí wọ́n ń gbé kẹ̀kẹ́ sí. Ìyá onílé gbé tọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì mú mi lọ wo ilé adìẹ, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ wọ́n lára ju bí ó ti wọ ẹni tó gba owó lọ́wọ́ wa lọ.

Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo pè, mo bẹ̀ ọ̀gbẹ́ni náà kí ó ka orúkọ ìlú tó wà níwájú rẹ̀ fún mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Saint-Saëns ni ó kà. Ìlú mìíràn ni Saint-Saëns, ní ìhà kejì ìlú Neufchâtel-en-Bray, kò sì sí lórí ọ̀nà wa rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Saint-Saire wà lórí rìsíìtì tí àwọn fúnra wọn fi ránṣẹ́ sí mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó ní, "Awakọ̀ ló ṣe àṣìṣe."

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni mọ́tò kékeré kan wọ àgbàlá. Awakọ̀ náà ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì lè ju ọmọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n lọ. Ó ti ṣíwọ́ iṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́. Onílé àlejò ti Saint-Saëns ló pè é pé báàgì ẹni tí òun kò mọ̀ wà lọ́dọ̀ òun, òun náà sì gbéra láti ilé rẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò ara rẹ̀ àti epo ara rẹ̀. Mo ti to ọ̀rọ̀ líle jọ sílẹ̀ dè é. Ṣùgbọ́n ó na ìwé iṣẹ́ rẹ̀ sí mi láìwí nǹkan kan, mo sì tan iná fóònù sí i: Saint-Saëns ni ọ́fíìsì tẹ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ lé e léjìká, wọ́n ṣàdúrà fún un ní Yorùbá pé kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ọmọ ọlọ́mọ náà sì dáhùn pé "Amen" bí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n lo oògùn wọn, wọ́n sì sọ fún mi pé, "Má bínú mọ́, lọ sùn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá onílé gbé búrẹ́dì gbígbóná ka iwájú wa pẹ̀lú wàràkàṣì Neufchâtel, èyí tí wọ́n máa ń ṣe ní àwòrán ọkàn, wọn kò sì gba owó oúnjẹ náà. Kùrukùru bo ọ̀nà nígbà tí a jáde. Ènìyàn mẹ́fà péré ni a pàdé kí a tó dé Forges-les-Eaux. Ohun tí n kò tíì ṣe rí lórí kẹ̀kẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ṣe ní òwúrọ̀ yẹn: èmi àti ẹ̀gbọ́n mi rìn ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́, a sì ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi, ní ọjọ́ orí tí mo dé yìí, pé kẹ̀kẹ́ Raleigh ni bàbá wa fi ń gbé wọn lọ sí ilé ìwé ní Ìkìrun kí wọ́n tó bí mi, pé bàbá máa ń ká aṣọ àgbàdá wọn sórí irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ kí ìdí má baà dun ọmọ. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ rí, wọ́n ní a kò tíì ráyè.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí a padà délé ni ímeèlì ilé-iṣẹ́ náà dé, òun gan-an ló sì mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Wọ́n ní àwọn kẹ́dùn fún "àṣìṣe awakọ̀ wa", wọ́n sì fún wa ní ogún pọ́n-ùn tí a lè fi dín owó ìrìn àjò mìíràn kù lọ́dọ̀ wọn. Mo ya àwòrán ìwé iṣẹ́ náà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo fi ránṣẹ́ sí wọn, mo ní n kò fẹ́ owó, kí wọ́n yọ ẹ̀sùn náà kúrò lọ́rùn ọmọ tó fi epo ara rẹ̀ tún iṣẹ́ wọn ṣe. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ náà ni wọ́n tún dà padà fún mi, kò yí pa dà. Mo ti kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí, n ó sì kọ ìkarùn-ún.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ kò nílò ilé-iṣẹ́ kankan. Àmì ọ̀nà wà ní gbogbo ìkóríta, ẹ sì lè pe ilé àlejò fúnra yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n bá yín gbé ẹrù dandan, ẹ kọ nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ abúlé náà mọ́ orúkọ rẹ̀, kí oògùn sì wà nínú àpò tó wà lára yín.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.