Òru méjì nínú àgọ́ pẹ̀lú àwọn ìbejì mi, ní ọgbà ìṣeré kan lẹ́yìn ìlú Abẹ́òkúta

Ẹni tó bá ń kánjú, ẹ gbọ́ èyí: omi wọn ń ṣàn, ilẹ̀ ibi tí wọ́n ń pa àgọ́ sí tẹ́jú, ẹ̀fọn pọ̀ bí nǹkan míì, ẹ má sì sanwó fún wọn láìkọ́kọ́ fojú ara yín rí ilé ìdáná wọn. Ẹni tó bá ráyè, ẹ jókòó.

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú. Ọmọ ọdún méjì ààbọ̀ ni àwọn ìbejì mi. Táíwò kì í jẹ ẹ̀pà, Kẹ́hìndé kì í jẹ ẹyin, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń ṣe àkẹ́jù. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ mọ̀, aládùúgbò mi kan ní ọjà ló fún Táíwò ní ẹ̀pà sísè ẹyọ mẹ́ta. Kí n tó ká aṣọ tí mo tú sílẹ̀ fún oníbàárà tán, ètè ọmọ ti wú, ara rẹ̀ ti sú, ó sì ti ń bì sórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí mi ò tíì rí ẹni rà. Ti Kẹ́hìndé kò le tó yẹn. Tó bá ti jẹ ẹyin, ara rẹ̀ á máa yún un, á sì ké títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Láti ìgbà náà, ibi tí a bá ti lè padà sílé kí oòrùn tó wọ̀ nìkan là ń lọ. A ti gbé wọn dé Olúmọ, a ti lọ wo ẹranko ní OOPL, ìyẹn ilé ìkàwé Ọbásanjọ́, oúnjẹ wa wà nínú fúláàsìkì, ó tán. Bàbá wọn ló ní ó tó gẹ́ẹ́, kí a lọ sùn síta bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Ọgbà tó rí yìí ní jángílófà, ọkọ̀ ojú irin kékeré, odò ìlúwẹ̀ẹ́, àti pápá kan níbi tí wọ́n ti ń pa àgọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ sùn. ₦30,000 ni àgọ́ kan fún òru kan, oúnjẹ àárọ̀ wà nínú rẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ìyá tó ń se oúnjẹ níbẹ̀ ṣe wá lóore tó pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kanra mọ́ ọn.

Mo kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ẹ̀pà àti ẹyin. Ọmọbìnrin tó gbé e ní, "Ẹ má ṣèyọnu mà, tí ẹ bá ti dé, a máa bá yín yọ ẹ̀pà náà kúrò nínú oúnjẹ." Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ fò. Ṣé eegun ẹja ni ẹ̀pà, tí wọ́n á fi yọ ọ́?

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé Lọ́ńdọ̀n ló wá kọ́ mi ní ọgbọ́n páálí. Ó ní láti ìparí ọdún 2014 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn ilé oúnjẹ tiwọn lọ́hùn-ún kí wọ́n lè sọ fún oníbàárà èwo nínú nǹkan 14 kan ló wà nínú ohun tí wọ́n ń tà. Ẹ̀pà wà níbẹ̀, ẹyin wà níbẹ̀, mílíìkì, ẹja, edé, sóyà, títí kan yànmọ̀tí. Níbí, èmi ni òfin. Mo ya páálí ìdí bísíkíìtì kan, mo fi bírò dúdú kọ ọ́ sí i ní Yorùbá. Mi ò kọ "ẹ̀pà" lásán, torí gbogbo èèyàn mọ ẹ̀pà tó bá wà nínú èèpo rẹ̀. Ibi tó ń sá pamọ́ sí ni mo kọ: òróró ẹ̀pà, kúlíkúlí, yájì tí wọ́n ń wọ́n sórí súyà, kílíṣí, Tom Brown tí wọ́n ń lọ̀ fún ọmọ. Fún Kẹ́hìndé: móínmóín ẹlẹ́yin, ṣinṣín, máyọ́néèsì inú sàláàdì, ẹyin tí wọ́n fi ń pa orí míìtì páì kó lè máa dán. Páálí yẹn wúlò ju gbogbo ẹrù tí a kó lọ, a sì kó ẹrù o. Ìyá ọkọ mi béèrè bóyá a ń kó kúrò nílé ni.

Ìjà kìíní wáyé lẹ́nu géètì. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé àwọn ò gba oúnjẹ ìta. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní kí n dá kúlà mi padà sínú mọ́tò tàbí kí n san ₦5,000 lé e. Mo ní àwọn ọmọ ní alẹ́jì, pé ara wọn kọ ẹ̀pà àti ẹyin. Ó rẹ́rìn-ín. "Mummy, ta ni ò ní? Iṣẹ́ ni alẹ́jì tèmi." Àwọn tó wà lẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín, kí n má parọ́, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rín. Bàbá ìbejì ò bá a jiyàn. Ó lọ bá bàbá àgbà kan tó ń ṣọ́ géètì, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun sà, èèwọ̀ ni. Àwọn ọmọ yìí ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́."

Bàbá wo àwọn ọmọ, ó tún wọn wò. "Ìbejì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó yíjú sí ọmọkùnrin oní-tíkẹ́ẹ̀tì. "Ṣé o fẹ́ fi èèwọ̀ bọ́ ìbejì? Ṣílẹ̀kùn fún wọn jàre."

Kúlà wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà náà. Létí àwọn èèyàn wa, àìsàn olówó ni alẹ́jì, àkẹ́jù ni. Ẹ pè é ní èèwọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé kí ló dé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní irọ́ la pa. A ò parọ́. Bó bá jẹ́ èèwọ̀ ilé baba ẹni ni ọmọ ṣèèṣì jẹ, àwọn àgbà mọ ètùtù rẹ̀. Èyí tí ara ọmọ fúnra rẹ̀ kọ̀, ilé ìwòsàn nìkan ni ètùtù rẹ̀.

Nínú ọgbà náà, ẹ má retí pé ọmọ ọdún méjì máa gun ohun púpọ̀. Ọmọ tí kò bá ga dé ìgbáròkó àgbàlagbà, wọn kì í jẹ́ kó gun jángílófà ńlá, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin, iyanrìn, àti odò kékeré tí omi rẹ̀ ò kọjá orúnkún ni tiwa. Àwọn ọmọ ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n rẹ́ wọn jẹ. Ìgbà 11 la wọ ọkọ̀ ojú irin yẹn, mo kà á.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni ilẹ̀. Èmi tí mò ń ṣọ́ ilé ìdáná, mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ ló yẹ kí n máa ṣọ́. Bọ̀lì àti ẹ̀pà ni gbogbo èèyàn ń jẹ kiri, èèpo ẹ̀pà wà lábẹ́ àga, ó wà nínú iyanrìn, ó wà lórí ìjókòó ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ ọdún méjì, ẹ mọ̀ ọ́n: ohun tó bá rí nílẹ̀, ẹnu ló ń bọ̀. A pín ara wa, bàbá wọn ń fi wáìpù nu ìjókòó kí wọ́n tó gùn ún, èmi ń ṣa èèpo níwájú wọn bí adìẹ. Ẹni tó bá ń bọ̀, kó gbé wáìpù tó pọ̀ dání. Sàn-íntáísà tí a ń fi pa ọwọ́ kì í mú ẹ̀pà kúrò lọ́wọ́, àfi ọṣẹ àti omi tàbí wáìpù.

Ọjọ́rọ̀ ni mo wá gbé páálí mi lọ sí ilé ìdáná. Mo bá ìyá aláṣè nídìí ààrò, obìnrin kan tó tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo sì fi ọ̀rọ̀ bàbá ẹnu géètì bẹ̀rẹ̀: "Ẹ kúuṣẹ́ mà. Èèwọ̀ kan ló wà lára àwọn ọmọ mi." Wọ́n fi ṣíbí sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ní ilé tiwọn, àwọn kì í jẹ òkété, ọmọ àbúrò àwọn jẹ ẹ́ rí nílùú òyìnbó, ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí àwọn fẹ́ máa rántí. Wọ́n gba páálí, wọ́n pe ọmọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ kó kà á sókè ketekete.

Ìyá yẹn ò pa nǹkan kan mọ́ fún mi. Wọ́n ní òróró tí àwọn fi ń dín dòdò, òun náà ni àwọn fi dín ẹyin láàárọ̀. Wọ́n ní orí irin kan náà ni ọmọ Hausa tó wà lẹ́yìn ilé ti ń yan súyà àti ẹja. Ọmọbìnrin orí fóònù yẹn ò lè mọ èyí láéláé. Wọ́n gbé ìkòkò kan sílẹ̀, wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì lójú mi, wọ́n ní kí n gbé orógùn tèmi wá. Àmàlà láfún àti ewédú, ọbẹ̀ ata pẹ̀lú epo pupa, ẹja tútù tí a sè, tí a ò dín. Kò sí ohun tí páálí mi lè bá jà nínú oúnjẹ Ẹ̀gbá yẹn. Àwọn ọmọ jẹun dé ìgbọ̀nwọ́. Ní àárọ̀ kejì, wọ́n se ẹ̀wà olóyin fún wa lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn èyí kí ẹ tó béèrè. Òótọ́ ni pé ẹbí kan náà ni ẹ̀wà àti ẹ̀pà. Dókítà bi mí bóyá Táíwò ti ń jẹ ẹ̀wà tẹ́lẹ̀ láìsí wàhálà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní kó máa jẹ ẹ́ lọ. Àbí kí n gba ẹ̀wà lẹ́nu ìbejì, kí gbogbo ẹbí wá ká mi mọ́lé?

Ti àgọ́ kò gùn. Òjò rọ̀ ní òru àkọ́kọ́, omi kò wọlé, mo yìn wọ́n. Síìpù àwọ̀n ẹnu ọ̀nà ti bàjẹ́, ẹ̀fọn wọlé, mo fi ìró dí i. Wọ́n ń pa jẹnẹrétọ̀ ní aago mọ́kànlá, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sì jìnnà, ẹ gbé póò àwọn ọmọ dání. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké títí ilẹ̀ fi mọ́. Kẹ́hìndé ń dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ kejì ni nǹkan fẹ́ ṣe wá, kò sì ti ilé ìdáná wá. Ìyá àgbà kan tó bá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá rí àwọn ìbejì, inú rẹ̀ dùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí kì wọ́n: ẹ̀jìrẹ́ ará Ìṣokùn. Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦200, ó sì bu gúgúrú lé Táíwò lọ́wọ́. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́wọ́ ni mo rí i pé gúgúrú àti ẹ̀pà ló wà nínú ọ̀rá náà. Ẹ̀pà kò dé ẹnu ọmọ o, gúgúrú tó ti bá a wà pọ̀ ló jẹ. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pọ́n, ojú rẹ̀ kan wú.

Mo sáré dé ọ́fíìsì wọn, mo ní kí wọ́n bá mi wá mọ́tò tó lè tẹ̀lé tiwa bí tiwa bá kọ̀, kí wọ́n sì gbé àpótí ìtọ́jú wọn wá. Wọ́n ṣí àpótí. Pílásítà, òwú, áyódíìnì. Ó tán. Ọ̀gá wọn ní, "Mà, ṣebí gúgúrú lásán ni." Mo ti fún ọmọ ní oògùn olómi tí dókítà kọ fún wa, àmọ́ dókítà yẹn kan náà ló kì mí nílọ̀ pé oògùn olómi, ti ara yíyún ni, bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí mí gúlegúle, tí ohùn rẹ̀ yí padà, tàbí tó ń bì tó sì ń rẹ̀ ẹ́, abẹ́rẹ́ ló nílò, kí n má dúró wò ó. Nítorí náà a wọ mọ́tò. Bàbá géètì yẹn ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kí a tó débẹ̀.

Mímí rẹ̀ kò yí padà. Ojú tó wú ti ń rọ̀ kí a tó dé ilé ìwòsàn, wọ́n ṣì ní kí a jókòó fún wákàtí mẹ́rin, torí pé ó lè lọ kó tún padà wá. Ìyá àgbà ti tẹ̀ lé wa nínú mọ́tò ọmọ rẹ̀, ó ń sunkún. Èmi ni mo wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀? Láti ọjọ́ náà, mo ti rán báàjì kan sí ẹ̀yìn aṣọ Táíwò, mo kọ ọ́ sí i pé: "Ẹ má fún mi ní nǹkan jẹ, èèwọ̀ mi ni."

A padà síbẹ̀ nírọ̀lẹ́, a sùn òru kejì, torí owó rẹ̀ ti lọ, àwọn ọmọ sì ń ké ọkọ̀ ojú irin.

Mo fún ìyá aláṣè ní 5 nínú 5. Bàbá géètì, 5. Pápá àti àgọ́, 3. Ọ́fíìsì, 1, ti omi tútù tí wọ́n fún mi mu ni. Ẹni tó ní ọmọ bíi tèmi, kó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ tí èrò kì í pọ̀, tí ilẹ̀ ṣì mọ́, kó sì mọ ilé ìwòsàn tó súnmọ́ ibẹ̀ kó tó tú ẹrù.

Mo ti sọ fún ọ̀gá wọn pé tí wọ́n bá ti kó oògùn gidi sínú àpótí yẹn, tí wọ́n sì ya ibì kan sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ti ní máa jẹ ẹ̀pà, kí wọ́n pè mí, n ó tún kó wọn wá. Ó kọ nọ́ńbà mi sílẹ̀. Oṣù kejì rèé, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan.